Ẹ Jẹ́ Kọ́mọ Wo Àwòrán Ná!

 

Ẹjọ́ ọmọdé ni mo fẹ́ bá yín rò lọ́sẹ̀ yìí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ṣí ìwé, ó tẹjú mọ́ àwòrán. Kíá, àgbà ti jágbe mọ́ ọn: "Kàwé jàre! Àbí àwòrán lo máa fi ṣe ìdánwò?" Ọmọ á kọjú sí lẹ́tà tí kò yé e, oorun á sì gbé e lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ṣẹ̀ ọmọ náà? Àwòrán lohun tí ọmọ kékeré kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kà. Aláwíyé tí Olóyè J. F. Ọdúnjọ kọ pàápàá, wọn ò fi àwòrán inú rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ lásán.

Ìyá mìíràn á ní, "Èmi ò mọ̀wé, kí ni mo fẹ́ fi kọ́mọ?" Ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí, ìyá mi. Ìwé kan jáde ní 2017, Baby Goes to Market lorúkọ rẹ̀. Atinuke tí wọ́n bí ní Nàìjíríà ló kọ ọ́, Angela Brooksbank ló ya àwòrán rẹ̀. Ìyá pọnmọ lọ sọ́jà, ó gbé apẹ̀rẹ̀ rù. Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ fún ọmọ ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ mẹ́fà. Ọmọ jẹ ọ̀kan, ó ju márùn-ún sínú apẹ̀rẹ̀. Ọlọ́sàn fún un ní márùn-ún, ó mu ọ̀kan, ó ju mẹ́rin sí i. Ìyá ò mọ nǹkan kan! Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń wo ìwé ti rí gbogbo ẹ̀, á bú sẹ́rìn-ín. Ta ló kà á fún un? Ojú rẹ̀ ni.

Iṣẹ́ ńlá ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀ o. Bruce Onobrakpeya, tí àwọn ọlọ́lá ń fowó gọbọi ra iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ya àwòrán sínú ìwé ọmọdé tí Cyprian Ekwensi kọ, tó jáde ní 1962. Ohun tólówó gbé kọ́ sí pálọ̀, ọmọ yín lè gbé e lé itan.

Bówó ìwé ò bá tíì sí ńkọ́? Ẹ ṣí àpótí ìyá àgbà, ẹ wo àdìrẹ Ìbàdàndùn. Òpó Gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n ṣí ní 1929 wà lára rẹ̀. Àwọn ìyá tó fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún yà á, ayàwòrán gidi ni wọ́n.

Lálẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ti tó. Ẹ gbọ́mọ lẹ́sẹ̀, ẹ bi í pé: "Kí lo rí? Kí lẹni yìí ń ṣe? Kí ló dé tí wọ́n fi kun èyí ní pupa?" Ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu ẹ̀ tán. Tó bá féèdú ya tiẹ̀ sára ògiri, ẹ má fi pàṣán kí i. Ẹ wá páálí fún un. Ẹ̀yin télọ̀, ẹ̀yin káfíńtà, ṣé kì í ṣe ojú ló ń kọ́kọ́ rí aṣọ àti àga kọ́wọ́ tó gé e?

Ẹni tó bá lésì, kó kọ lẹ́tà sí wa. Tẹ́ ò bá mọ̀ ọ́n kọ, ẹ ní kọ́mọ yín bá yín kọ ọ́, kó sì ya àwòrán sí i.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.