Àwọn tó kú nídìí bàlúù táwọn àgbàlagbà fi ń ṣeré

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí èèyàn bá ṣèèṣì wọlé bá baálé ilé kan, ẹni àádọ́ta ọdún, tó dorí kodò sórí tábìlì, tó fi ẹ̀mú kékeré mú nǹkan tí kò tó hóró ìrẹsì dání, tí kò fẹ́ mí kí nǹkan ọ̀hún má baà fò lọ, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ lọ́kàn ara rẹ̀ ni pé, "Ṣé orí baba yìí pé báyìí?" Bàlúù oníke ló ń tò!

Orí ẹ̀ pé o. Ní Jámánì, ní England, ní Japan àti ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó níṣẹ́ gidi lọ́wọ́ ló ń fi ìrọ̀lẹ́ wọn ṣe bẹ́ẹ̀, owó tó jọjú ni wọ́n sì ń ná sí i. Ta ni kò fi agolo mílíìkì kan mọ́tò nígbà tó wà lọ́mọdé, tó gé sílípáàsì tó ti gbó fi ṣe táyà? Eré yẹn náà ni. Àwọn yìí kàn fi ọgbọ́n àgbà àti owó oṣù kún un ni.

Ọ̀kan lára bàlúù ogun tí wọ́n fẹ́ràn láti máa tò ni Messerschmitt Me 262. Jámánì ló ni ín, òun sì ni bàlúù jẹ́ẹ̀tì ajagun àkọ́kọ́ tó wọ ojú ogun. Ọjọ́ 18, oṣù keje, ọdún 1942 ló kọ́kọ́ fi ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì nìkan gbéra nílẹ̀, Fritz Wendel ló sì wà á lọ́jọ́ náà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jà ní 1944, abẹ̀bẹ̀ iwájú ni púpọ̀ nínú bàlúù ọ̀tá rẹ̀ ṣì fi ń fò. Mustang tí àwọn Amẹ́ríkà gbójú lé ń sá nǹkan bíi 700 kìlómítà ní wákàtí kan. Me 262 ń sá 870. Ìbọn ńlá mẹ́rin ló wà ní imú rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lójú òfuurufú, tó bá máa fi yé ara rẹ̀ ohun tó rí, ó ti kọjá lọ.

Inú páálí ni wọ́n ń tà á sí. Tamiya ti Japan ń ṣe é, Revell ń ṣe é, Airfix náà ń ṣe é. Bí wọ́n bá ṣí páálí, ègé ike ló kún ibẹ̀, tí wọ́n so mọ́ra wọn bí èso tó so mọ́ ẹ̀ka. Oríṣiríṣi ìwọ̀n ló wà, ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n pín bàlúù gidi sí ọ̀nà 48, kí wọ́n wá mú ẹyọ kan níbẹ̀. Bàlúù tí apá rẹ̀ fẹ̀ ju mítà 12 lọ á wá di ohun tí kò gùn tó rúlà ọmọ iléèwé.

Yàrá awakọ̀ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, torí bí wọ́n bá ti lẹ ara bàlúù pọ̀, kò sọ́wọ́ tó lè wọbẹ̀ mọ́. Pépà tẹ́ẹ́rẹ́ ni àwọn kan fi ń ṣe bẹ́líìtì ìjókòó, wọ́n á wá kùn ún ní ọ̀dà kó lè dà bí aṣọ. Igi ìtayín ni wọ́n fi ń kán ọ̀dà funfun sójú aago kọ̀ọ̀kan. Wáyà tó rí tín-ín-rín bí irun ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bàlúù, kó lè jọ páìpù tó ń gbé epo bíréèkì lọ sí táyà. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀, bí wọ́n bá ti dé e pa, ojú ẹnikẹ́ni ò ní rí i mọ́ láyé. Ẹni tó ṣe é mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ìyẹn náà tó o.

Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ tó ti mú ọ̀pọ̀ aláìnísùúrù. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni Me 262 ní, ọ̀kan níwájú, méjì lábẹ́ apá. Bí wọn ò bá ti ki ohun tó wúwo, bí òjé táwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n, sínú imú rẹ̀ kí wọ́n tó dé e, bí wọ́n bá parí iṣẹ́ tán, tí wọ́n gbé e kalẹ̀, ńṣe ló máa fìdí jókòó bí ajá, tí imú rẹ̀ á máa wo àjà. Gọ́ọ̀mù ti gbẹ, ọ̀dà ti gbẹ, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ibi tó dùn jù ni ẹ́ńjìnnì méjèèjì tó wà lábẹ́ apá. Lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan, nǹkan kan yọ síta bí orí ọta ìbọn, ihò kékeré kan sì wà lórí rẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ ò ní fojú fo ihò yẹn. Ìdí ni pé ẹ́ńjìnnì kékeré mìíràn, tí wọ́n ń pè ní Riedel, ló wà nínú lọ́hùn-ún, òun ló ń jí ńlá. Bí iná bátìrì bá sì kọ̀, okùn ni wọ́n ń fà! Bẹ́ẹ̀ ni o, bí jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé. Bàlúù jẹ́ẹ̀tì tó yára tó bẹ́ẹ̀, wọ́n lè fi okùn fà á kó tó jí.

Kò tán síbẹ̀. Ogun ti jẹ́ kí nikẹ́ẹ̀lì àti króómù wọ́n gógó ní Jámánì, irin lásán tí wọ́n fi alumíníọ̀mù bò lójú ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ ibi tí iná ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì náà. Wákàtí 25 ni wọ́n retí pé kó lò. Òmíràn ò lò ju 10 lọ. Òṣìṣẹ́ tó ń jáde láàárọ̀ ọjọ́ Ajé máa lo jù bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n máa ń sọ pé Hitler ló da iṣẹ́ bàlúù náà rú torí ó ní kí wọ́n fi máa gbé bọ́ǹbù. Lóòótọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ òpìtàn sọ pé ó fà á sẹ́yìn jù.

Lẹ́yìn èyí ló kan ọ̀rọ̀ ojú oríkèé. Ibi tí ègé ike méjì ti pàdé máa ń hàn. Wọ́n á fi pọ́tì dí i, bí èyí táwọn panẹbítà fi ń dí ara mọ́tò, wọ́n á fi sánpépà fá a títí ọwọ́ ò fi ní mọ ibi tí wọ́n ti pàdé. Ó lè gba ọjọ́ méjì, mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyanu. Níparí oṣù kẹta, ọdún 1945, awakọ̀ kan tó ń dán bàlúù tuntun wò fún Messerschmitt, Hans Fay lorúkọ ẹ̀, gbọ́ pé àwọn Amẹ́ríkà ti gba àdúgbò àwọn òbí òun. Ló bá gbé Me 262 kan tí wọn ò tíì kùn lọ́dà, ó wà á lọ fún àwọn Amẹ́ríkà ní Frankfurt. Àwòrán bàlúù yẹn wà títí dòní. Irin funfun ni gbogbo ara rẹ̀, ìlà pọ́tì sì wà ní gbogbo oríkèé bí àpá. Ẹni tó bá fẹ́ to ti Fay gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa ojú oríkèé tirẹ̀ rẹ́ pátápátá, kó tún wá fi ọ̀dà ya ìlà pọ́tì ti àwọn Jámánì sórí ẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń ṣe é, wọ́n sì ń yangàn lórí ẹ̀.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ wàyí ni pé, ọwọ́ ta ló ń ṣe ara bàlúù wọ̀nyẹn?

Nígbà tí bọ́ǹbù ti fọ́ iléeṣẹ́ àwọn Jámánì túútúú, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n gbé iṣẹ́ lọ. Ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ St. Georgen, ní Austria tí Hitler ti gbà mọ́ Jámánì láti 1938, wọ́n ní kí àwọn ẹlẹ́wọ̀n àgọ́ Gusen gbẹ́ ihò sínú òkè. Ọdún 1944 ni. Bergkristall ni orúkọ àṣírí tí wọ́n fún ibẹ̀, inú ihò náà sì ni wọ́n ti ń ṣe ara Me 262. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ọ̀hún wá láti Poland, láti Soviet, láti Italy, láti Faransé, àwọn Júù sì pọ̀ nínú wọn. Ọkọ̀ ojú irin ló ń kó wọn lọ síbi iṣẹ́, tó ń kó wọn bọ̀. Ebi ń pa wọ́n, ẹgba ń bẹ lẹ́yìn wọn, eruku ihò ń wọ̀ wọ́n nímú. Ẹni tágbára ẹ̀ bá ti tán, ayé ẹ̀ náà ti tán nìyẹn.

Ó kéré tán, èèyàn 35,000 ló kú ní àwọn àgọ́ Gusen láàárín 1940 sí ọjọ́ 5, oṣù karùn-ún, ọdún 1945, tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà dé ibẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló kú nídìí bàlúù, torí iṣẹ́ òkúta fífọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló kú nídìí ihò yẹn. Me 262 tí wọ́n ṣe jáde láti gbogbo iléeṣẹ́ pátá kò ju 1,400 àti díẹ̀ lọ, ìwọ̀nba nínú wọn ló sì jà.

Bí wọ́n bá dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, àwọn kan máa ń bínú. Wọ́n á ní irin làwọn fẹ́ràn, àwọn kì í ṣe ọmọlẹ́yìn Hitler. Òótọ́ sì ni fún ọ̀pọ̀ wọn. Òfin Jámánì ò tiẹ̀ fẹ́ kí wọ́n máa pàtẹ àmì Hitler káàkiri, ìdí nìyẹn tí kì í fi í sí nínú ọ̀pọ̀ páálí tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Àwọn mìíràn á lọ wá àmì náà rà lọ́tọ̀, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìrù bàlúù, wọ́n á ní bó ṣe wà nígbà náà nìyẹn, àwọn ò fẹ́ parọ́.

Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, tó bá jẹ́ òótọ́ ni wọ́n ń wá. Àwọn kan náà yìí lè fi ọdún jiyàn lórí oríṣi àwọ̀ ewé méjì, nọ́ńbà 82 àti 83, èwo ni wọ́n fi kun èwo. Wọ́n mọ ihò okùn tó wà lẹ́nu ẹ́ńjìnnì. Wọ́n mọ páìpù bíréèkì. Ẹni tó mọ gbogbo ìyẹn, tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Gusen, kò tíì mọ bàlúù tó ń tò.

Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n pa eré wọn tì. Bí wọ́n bá parí, orí pákó kékeré ni wọ́n sábà máa ń gbé e lé, wọ́n á kọ orúkọ bàlúù, orúkọ awakọ̀ àti ọdún síbẹ̀. Àyè ṣì máa ń ṣẹ́ kù lórí pákó náà. Ìlà kan péré gbà á: àwọn ẹlẹ́wọ̀n Gusen wà lára àwọn tó kan irú rẹ̀. Tí ọmọ ilé bá wá béèrè pé kí ni Gusen, ẹni tó tò ó á ní nǹkan tó máa sọ fún un.