KÍ ỌMỌ MỌ ILẸ̀ KÍ Ó TÓ MỌ ORÚKỌ

Bí a bá bi ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ léèrè olú-ìlú Kánádà, yóò dáhùn wàrà bí ayékòótọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í pé níbo ni àgbàrá ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀ ń ṣàn lọ, ẹnu rẹ̀ a wọhò. Jọ́gíráfì kì í ṣe àkọ́sórí orúkọ: kí ni ó wà níhìn-ín, kí ni kò sì jẹ́ kí ó wà lọ́hùn-ún, ìdí ẹ̀kọ́ náà nìyẹn.

Máàpù ni a fi ń kọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò sí máàpù tí kì í yí nǹkan kan padà. Ayé tí ó rí roboto kò ṣeé tẹ́ sórí ìwé kí ibì kan má fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Nítorí náà, lórí èyí tí Mercator yà ní ọdún 1569, Greenland fẹ́rẹ̀ẹ́ bá Áfíríkà dọ́gba, bẹ́ẹ̀ Áfíríkà tóbi jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rìnlá. Ẹ̀bi Mercator kọ́. Àwọn atukọ̀ òkun ni ó ṣe é fún. Àwa tí a gbé e kọ́ ara ògiri láìṣàlàyé ni ká dá lẹ́bi.

Máàpù tí mo ń tọrọ fún ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni ti àdúgbò tirẹ̀, irú èyí tí sẹ̀ǹtímítà 2 lórí rẹ̀ dúró fún kìlómítà 1 lórí ilẹ̀, tí àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ sì so àwọn ibi tí gíga wọn dọ́gba pọ̀. Níbi tí ìlà bá fún mọ́ra, òkè ibẹ̀ ṣòroó gùn. Níbi tí wọ́n bá jìnnà síra, ilẹ̀ tẹ́jú. Níbi tí wọ́n bá sì ti ṣe ṣóńṣó sí ìhà orísun odò, omi ni ó ni ibẹ̀, bí ó ti wù kí ó gbẹ tó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ wo Ìbàdàn mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé! Ẹni tí ó bá mọ ìlà wọ̀nyí kà yóò rí i pé àárín òkè ni odò Ògùnpa ń gbà kọjá, àti pé ọ̀pọ̀ òjò tí ó bá rọ̀ sórí páànù àti títì ọlọ́dà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò sọ̀ sí. A kọ́lé sí ojú ọ̀nà rẹ̀, a fi pàǹtí dí i lọ́fun. Nígbà tí ó di ọdún 1980, odò náà kún àkúnya, ó kó ilé, ó kó ènìyàn. Àwọn kan ní odò ni ó bínú. N kò bá wọn jiyàn, àmọ́ ìbínú náà mọ àfonífojì tirẹ̀ dájú.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò náni lówó púpọ̀: kí olùkọ́ kó àwọn ọmọ jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n fi ìṣísẹ̀ wọn ọ̀nà láti ẹnu géètì dé odò tí ó súnmọ́ wọn jù, kí wọ́n yà á sórí ìwé, kí wọ́n sàmì sí ibi tí omi dé lára ògiri nígbà òjò tó kọjá, kí wọ́n sì mú ìwé náà relé, kí bàbá tí ó ń wá ilẹ̀ rà lè bi ọmọ rẹ̀ léèrè kí ó tó sanwó.