Àgbà Tó Mọ Ọ̀nà àti Àlejò Tó Ń Béèrè: Ẹ̀kọ́ Láti Ara Eré Onítàn Àtijọ́ Orí Ẹ̀rọ

Ìfáárà

Èrò tó gbilẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni pé eré orí ẹ̀rọ kò ju ohun tí í fi àkókò ọmọdé ṣòfò lọ. Èrò náà kò ṣàdédé wáyé, nítorí pé ọ̀pọ̀ eré bẹ́ẹ̀ wà tí kò sí nínú wọn ju ìbọn yíyìn àti ìjà lọ. Síbẹ̀, ẹ̀yà kan wà láàárín wọn tó bá lítíréṣọ̀ tan pẹ́kípẹ́kí. Eré onítàn ni orúkọ tó bá a mu, nítorí pé ẹni tó ń ṣe é yóò gbé ìwà olú ẹ̀dá-ìtàn wọ̀, yóò rin ìrìn-àjò rẹ̀, yóò sì jẹ nínú ìyà àti ayọ̀ rẹ̀. Àwọn kan lára eré wọ̀nyí ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, síbẹ̀ àwọn ènìyàn tí wọn kò tíì bí nígbà tí wọ́n jáde ń wá wọn kiri lónìí. Kì í ṣe agbára ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n nìkan ló fa èyí. Ọ̀yàyà tí àwọn tó ti mọ eré náà tẹ́lẹ̀ fi ń gba àlejò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ ńlá sì ni fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́.

Bí Eré Onítàn Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Orí tábìlì ni eré yìí ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1974, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Gary Gygax àti Dave Arneson, gbé eré kan jáde tí wọ́n pè ní Dungeons & Dragons. Àwọn òṣèré yóò jókòó yí tábìlì ká. Ẹnì kan yóò máa pa ìtàn, àwọn yòókù yóò máa sọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn wọn fẹ́ ṣe, dáìsì ni yóò sì sọ bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i. Ní 1981, Ultima tí Richard Garriott ṣe àti Wizardry tí Andrew Greenberg àti Robert Woodhead ṣe wà lára àwọn tó gbé irú eré yìí wọ inú kọ̀ǹpútà. Ará Japan kan, Yuji Horii, rí àwọn eré méjèèjì, ó mú ohun tó wù ú nínú wọn, ó sì mú kí ó rọrùn fún tọmọdé tàgbà. Dragon Quest tó ṣe jáde ní 1986 ni ọ̀pọ̀ eré onítàn ilẹ̀ Japan tẹ̀ lé lẹ́yìn náà.

Kíkà ló pọ̀ jù nínú irú eré bẹ́ẹ̀. Òṣèré yóò wọ ìlú kan, yóò bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì ti ẹnu wọn gbọ́ ibi tí wàhálà wà. Bí ó bá pàdé ọ̀tá, wọn kì í sáré lu ara wọn. Oníkálukú ní ìgbà tirẹ̀ láti ronú kí ó tó ṣe é. Ìjà kọ̀ọ̀kan tó bá borí yóò fi kún ìrírí rẹ̀, títí tí ọ̀tá tó sá fún lánàá yóò fi di ẹni tó lè dojú kọ lónìí.

Àpẹẹrẹ Mother

Kò sí àpẹẹrẹ tó fi agbára ìgbàlejò hàn tó ọ̀wọ́ eré tí wọ́n ń pè ní Mother. Shigesato Itoi, gbajúmọ̀ tó ń kọ ọ̀rọ̀ ìpolówó ọjà ní ilẹ̀ Japan, ló dá a sílẹ̀. Àkọ́kọ́ jáde ní 1989, èkejì ní 1994, ẹ̀kẹta ní 2006. Ibùdó-ìtàn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ eré ìgbà náà: kì í ṣe ayé ọba àti ààfin ló pọ̀ jù nínú èkejì, bí kò ṣe ìlú òde òní tó jọ ti Amẹ́ríkà, níbi tí olú ẹ̀dá-ìtàn, tó jẹ́ ọmọdé, ti ń fi ọ̀pá béésìbọ́ọ̀lù dojú kọ ọ̀tá dípò idà. Ní òpin rẹ̀, ohun ìjà kò ran ọ̀tá ńlá. Àdúrà ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Paula ló ṣẹ́gun, nítorí pé àwọn tí wọ́n ti pàdé lọ́nà dara pọ̀ mọ́ ọn láti gbàdúrà, títí tó fi kan ẹni tó ń ṣe eré náà fúnra rẹ̀.

Wọ́n gbé èkejì lọ sí Amẹ́ríkà ní 1995 pẹ̀lú orúkọ EarthBound, ṣùgbọ́n ọjà rẹ̀ kò yá. Ti àkọ́kọ́ tilẹ̀ burú jù. Wọ́n ti parí ògbufọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ wọn kò gbé e jáde. Ní 1998 ni ẹ̀dà kan bọ́ sọ́wọ́ àwọn olólùfẹ́ eré, tí wọ́n sì pín in kiri. Ọdún 2015 ni Nintendo tó ni í tó gbé e jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ti ẹ̀kẹta, Nintendo kò túmọ̀ rẹ̀. Clyde Mandelin, tí iṣẹ́ ògbufọ̀ jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, wọ́n sì parí iṣẹ́ náà ní 2008.

Ní ọdún 2008 yìí kan náà, ọ̀dọ́langba kan tó wà láàárín àwọn olólùfẹ́ Mother, Toby Fox, tún EarthBound hun fún ọdún Halloween, ó sì fi han àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni. Wọn kò lé e dànù. Ní 2015, ó gbé eré tirẹ̀, Undertale, jáde, òkìkí rẹ̀ sì kàn káàkiri ayé. Àlejò àná ti di onílé tó ń gba àlejò.

Báwo Ni Wọ́n Ṣe Ń Gbà Á?

Ìdènà pọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré àtijọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sọ ibi tó yẹ kí ènìyàn lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu ará ìlú kan lè jẹ́ kọ́kọ́rọ́ gbogbo ìtàn. Ìwé atọ́nà wà nínú páálí EarthBound ní 1995, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra àlòkù lọ́wọ́ ẹlòmíràn lè má rí i. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá béèrè, tí wọ́n sì dá a lóhùn pé ọmọdé pàápàá mọ èyí, yóò pa ẹ̀rọ rẹ̀, kò sì ní padà wá mọ́. Àwọn tó mọ ìgbàlejò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn yóò kọ́kọ́ bi í léèrè irú ìtàn tó fẹ́ràn kí wọ́n tó dárúkọ eré tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀nà bá dí mọ́ ọn, wọn yóò fún un ní àmì díẹ̀, wọn kò ní já òpin ìtàn náà fún un.

Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo wọn ló níwà báyìí. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ẹni tó ń lo ìwé atọ́nà ṣe ẹlẹ́yà, bí ẹni pé ìyà tí àwọn jẹ nígbà èwe ni ẹ̀rí ìfẹ́. Irú wọn gan-an ló ń sọ àgbàlá di ahoro.

Ẹ̀tọ́ Onínǹkan

Àwọn kan yóò sọ pé olè ni ẹni tó túmọ̀ iṣẹ́ oníṣẹ́ láìgbàṣẹ. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí pé ẹni tó ṣiṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ Mandelin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò pín eré náà fúnra rẹ̀. Ìyípadà tí wọ́n ṣe nìkan ni wọ́n pín. Ó tilẹ̀ sọ pé òun ṣe tán láti fún Nintendo ní ògbufọ̀ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwádìí kan tí Video Game History Foundation gbé jáde ní 2023 fi hàn pé nínú 100 eré àtijọ́ tó jáde ní Amẹ́ríkà ṣáájú 2010, nǹkan bí 87 ni kò sí lórí àtẹ ọjà mọ́. Ẹ̀tọ́ onínǹkan yẹ ní bíbọ̀wọ̀ fún, ṣùgbọ́n kò yẹ kó di pósí tí wọn yóò fi sin iṣẹ́ náà láàyè.

Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, kò yàtọ̀ sí àlejò inú eré àtijọ́. Gbólóhùn gùn, ọ̀rọ̀ ta kókó, igbó náà sì dí. Bí ó bá béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan, tí olùkọ́ rẹ́rìn-ín pé irú ọmọ Yorùbá wo nìyí, ìlẹ̀kùn ti tì nìyẹn. Ohun mẹ́ta ni olùkọ́ lè mú lò. Èkíní, kí ó yan ojú ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbà wọlé, kí ó má fi ibi tó le jù bẹ̀rẹ̀. Èkejì, kí ó fún un ní àmì, kí ó má já àlọ́ náà fún un. Ẹ̀kẹta, kí ó tètè gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, kí ó jẹ́ kí ó kọ ìtàn tirẹ̀, bó ti wù kó wọ́ tó, nítorí pé níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ti gba iṣẹ́ ọ̀dọ́langba láyè ni Undertale ti rú yọ.

Ìkádìí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àgbà ló mọ ibi tí ìtàn àtijọ́ wà; ọmọdé ni yóò gbé e dé ọ̀la. Ìtàn kì í kú nítorí pé ó gbó. Ọjọ́ tí àlejò bá kan ìlẹ̀kùn rẹ̀, tí kò sí ẹni tó dáhùn, ni ikú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Kí ó dáhùn.