Ilẹ̀kùn Augusta Kò Jìnnà sí Ìkòyí
Láti ọwọ́ olùfẹ́ gọ́ọ̀fù kan, Ìpetumodù

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, àwọn alákòóso ìdíje gọ́ọ̀fù Masters ní Augusta ní Amẹ́ríkà kéde pé láti 2026 lọ, ẹni tó bá gba Open, ìdíje gọ́ọ̀fù àgbà ti orílẹ̀-èdè, níbi mẹ́fà kan yóò gba ìwé ìpè wọn: Scotland, Spéènì, Japan, Hong Kong, Ọsirélíà àti South Africa. Ní Ìpetumodù, níbi tí ilé ìwòran kì í ti í fi tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ fún gọ́ọ̀fù bí Arsenal bá wà lórí pápá, wẹ́rẹ́ ni ìròyìn náà kọjá lọ. Kò yẹ kó kọjá bẹ́ẹ̀. Nàìjíríà náà ní Open tirẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1969, àwọn tó sì ti gbà á rí kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ.

Lee Elder wà lára wọn. Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ni, ọmọ Dallas, òrukàn tó gbé àpò igi gọ́ọ̀fù fún àwọn olówó kí òun náà tó di ẹni tí wọ́n ń gbé àpò fún. Ní 1968, ní Pensacola ní Florida, wọn kò jẹ́ kí òun àti àwọn adúláwọ̀ yòókù wọ inú ilé ẹgbẹ́. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n ti pààrọ̀ aṣọ. Ní 1971, ó jẹ́ ìpè agbágọ́ọ̀fù South Africa, Gary Player, ó lọ sí ibẹ̀ nígbà tí òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣì le koko níbẹ̀, lórí àdéhùn pé wọn kò ní fi àwọ̀ ya àwọn èrò ìwòran sọ́tọ̀. Nínú ọdún yẹn kan náà ló gba Open Nàìjíríà ní Èkó. Ẹ rántí pé oṣù Kìn-ín-ní 1970 ni ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, síbẹ̀ ìlú rí àyè àti owó ṣe ìdíje tí àlejò lè wá gbà.

Ní 1974, Elder padà sí Pensacola yẹn, ó na Peter Oosterhuis nínú àṣekún, ó gba Monsanto Open. Ìyẹn ló ṣílẹ̀kùn Masters fún un ní 1975, òun sì ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gbá a. Ìhàlẹ̀ ikú pọ̀ débi pé ilé méjì ló háyà lọ́sẹ̀ náà, tó ń sùn níhìn-ín lónìí, lọ́hùn-ún lọ́la. Ó gbá 74, ó gbá 78, wọ́n já a kúrò lẹ́yìn ọjọ́ kejì. Lọ́dún 1997 tí Tiger Woods fi ìgbá 12 ṣáájú gbogbo wọn, Elder wà ní Augusta tó ń wò ó. Àwọn tó ń pa ìtàn yìí lórí tẹlifíṣọ̀n sábà máa ń fò láti South Africa bọ́ sí Pensacola. Èkó ni wọ́n ń fò kọjá, a kò sì bá wọn jà.

Ọ̀rọ̀ agbágọ́ọ̀fù Sandy Lyle náà ń bẹ níbẹ̀. Ní pápá Ìkòyí ní Èkó, níbi tí Open Nàìjíríà ti ń wáyé nígbà náà, ibi tí ihò wà kì í ṣe koríko. Iyanrìn tí wọ́n fi epo pò, tí wọ́n tẹ̀ títí tó fi le ni, òun ni àwọn agbágọ́ọ̀fù ń pè ní brown. Kí èèyàn tó ti bọ́ọ̀lù síhò, kádì, ẹni tó ń gbé àpò igi gọ́ọ̀fù, ní láti gbá ojú ọ̀nà náà kó dán, nítorí ipasẹ̀ bàtà kan ṣoṣo lè darí bọ́ọ̀lù gba ibòmíràn. Lórí irú ilẹ̀ yìí ni Lyle, tó di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní 1977, ti gbá 61 àti 63 ní 1978: 124 fún ihò 36, iye tó wọ ìwé àkọsílẹ̀ àgbáyé. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, níbẹ̀ kan náà, Peter Tupling fi 255 parí ihò 72, ìgbá 29 sí ìsàlẹ̀ páà. Àwọn kan á ní pápá náà kúrú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Lyle kan náà ló gba The Open ti Britain ní 1985, tó sì gba Masters, tó wọ kóòtù aláwọ̀ ewé Augusta ní 1988.

Kí ló gbé àwọn òyìnbó wọ̀nyí wá? Òtútù ni. Nígbà tí yìnyín bo pápá wọn nílé, Èkó ń móoru, owó wà nílẹ̀, wọ́n sì ti Nàìjíríà wọ orílẹ̀-èdè Áfíríkà míì lọ gbá tiwọn. Ní 1989, Dubai dá ìdíje tirẹ̀ sílẹ̀ nínú aṣálẹ̀, ó fi omi àti owó hu koríko sórí iyanrìn, kò sì jẹ́ kí ìdíje náà kú. Ti Nàìjíríà ní tirẹ̀ kò dúró déédéé: ọdún kan a gbọ́ ọ, ọdún míì a kò gbúròó rẹ̀. Níbẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ yìí wà. Kì í ṣe pé a kò ní agbágọ́ọ̀fù. Kì í sì í ṣe pé owó kò sí.

Owó wà, ẹ má tan ara yín jẹ. Ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù wo ni kì í ṣe ìdíje ọjọ́ ìbí ọ̀gá kan, ìdíje olórí ẹgbẹ́, ìdíje ìdágbére ẹni tó ń fẹ̀yìn tì? Ife ńlá, fìlà, ẹran yíyan, fọ́tò. Bí wọ́n bá pa ìdajì irú owó bẹ́ẹ̀ pọ̀, Open kan yóò ti inú rẹ̀ jáde.

Àwọn tó sọ pé eré olówó ni kò wo ẹni tó ń gbé àpò. Inú kádì ni ọ̀pọ̀ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ wa ti jáde, gẹ́gẹ́ bí Elder. Orúkọ bíi Sunday Olapade àti Andrew Oche Odoh kò ṣàjèjì sí ẹni tó ń tẹ̀ lé eré yìí nílé. Georgia Oboh ló kọ́kọ́ gba káàdì ìdíje àwọn obìnrin ilẹ̀ Yúróòpù láti Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ìta Nàìjíríà ló ti lọ gbà á. Ọmọ kádì tí kò rówó ọkọ̀ òfúrufú ńkọ́?

Ẹnìkan lè sọ pé Augusta kò dárúkọ Nàìjíríà. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n dá a lọ́la. Ẹ wo South Africa tí wọ́n dárúkọ: láti 1903 ni Open tiwọn ti ń bẹ. Nígbà tí àjọ gọ́ọ̀fù R&A dá ìdíje àwọn ọ̀jẹ̀ Áfíríkà tí kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ sílẹ̀ ní 2024, tí wọ́n ní ẹni tó bá gbà á yóò gbá The Open, ọmọ South Africa ló gbà á, ọmọ South Africa ló tún gbà á ní 2025. Ẹni tó ń gbá ìdíje gidi lọ́dọọdún ni ìdíje ńlá máa ń bá ní ìmúrasílẹ̀.

Kò sì pọn dandan kó jẹ́ Èkó nìkan. Pápá MicCom wà ní Ada, nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun níbí, ẹni tó bá ti Ìpetumodù gba Òṣogbo kọjá lè dé ibẹ̀ láàárọ̀ kó sì padà sùn sílé. Kí Open máa yípo: Ìkòyí lọ́dún kan, Ada tàbí Ìbàdàn lọ́dún míì. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni kó máa bọ́ sí lọ́dọọdún, nínú oṣù Kejì. Kí àjọ gọ́ọ̀fù kọ déètì ọdún mẹ́wàá sílẹ̀ kó tó lọ bá onígbọ̀wọ́ kankan, nítorí onígbọ̀wọ́ tó bá déètì nílẹ̀ kò ní lè ní kí wọ́n sún un torí ọjọ́ ìbí rẹ̀, kádì tó bá sì mọ̀ ní oṣù Kẹfà pé Open ń bọ̀ ní Ada ní oṣù Kejì yóò mọ ohun tí òun ń dìde gbá bọ́ọ̀lù sí ní ìdájí.