Ọjọ́ Orí Táyà Kò Sí Lójú Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kí ẹni tí kò ní ọkọ̀ má ṣe ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ àti ẹni tí ó wọ̀ ọ́, ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń tọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà kan, mo dúró ní Ìyànà Ọ̀fà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, mo ń retí ọkọ̀ tí yóò gbé mi dé Ìbàdàn. Ọkọ̀ akẹ́rù kan dé, ó kún fún ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìyá mẹ́ta sì jókòó sórí ẹrù. Awakọ̀ yà sọ́dọ̀ fọkanáísà kí ó bá òun fẹ́ táyà. Fọkanáísà bẹ̀rẹ̀, ó wo táyà iwájú, ó mi orí.

“Ẹ̀gbọ́n, táyà yín yìí ti gbó o.”

Awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Ta ní gbó? Ṣé o kò rí ojú rẹ̀ ni? Ó ṣì jin kòtò. Tòkunbọ̀ gidi ni, ní 2019 ni mo rà á.”

Èmi náà bẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ nu ẹrẹ̀ ara rẹ̀ kúrò. Nọ́mbà mẹ́rin ni mo rí: 1411. Mo ní, “Ọ̀gá awakọ̀, oṣù Igbe ọdún 2011 ni wọ́n ṣe táyà yìí. Ó ti lo ọdún mẹ́jọ láyé kí o tó fi owó rẹ rà á.” Ẹnu rẹ̀ wọhò.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà nìyí. A ń fi ojú táyà, ìyẹn ibi tí ń kan ilẹ̀, mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ojú táyà lè sọ bí ó ti rìn tó. Kò lè sọ bí ó ti pẹ́ tó.

Kí ní ń mú rọ́bà gbó nígbà tí kò rìn? Ẹ wo kẹ́ẹ̀gì funfun tí ó ti ń gbé ẹ̀yìnkùlé nínú oòrùn láti ọdún yìí wá. Kò sí ẹni tí ó lò ó, síbẹ̀ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, yóò fọ́ wẹ́wẹ́ bí ìkarahun ẹyin. Inú ike àti inú rọ́bà dà bí okùn gígùn tín-ín-rín tí ojú wa kò lè rí, tí wọ́n lọ́ mọ́ ara wọn. Níwọ̀n ìgbà tí okùn wọ̀nyí bá gùn, ohun náà yóò máa lè tẹ̀, yóò sì lè padà sí ipò rẹ̀. Bí wọ́n bá ti já sí kéékèèké, agbára tán.

Oje igi ni rọ́bà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Láyé àtijọ́, bí ooru bá mú, a yọ̀. Bí òtútù bá mú, a gan. Ní ọdún 1839, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Charles Goodyear rí i pé bí a bá po oje náà mọ́ imí-ọjọ́, tí a sì fi iná sí i, yóò le dáadáa, yóò sì máa nà. Imí-ọjọ́ ni ó so okùn kan mọ́ èkejì bí ìgbà tí a bá hun apẹ̀rẹ̀. Orúkọ Vulcan, òòṣà iná àwọn ará Róòmù àtijọ́, alágbẹ̀dẹ bí Ògún tiwa, ni wọ́n fi sọ iṣẹ́ náà. Láti ibẹ̀ ni fọkanáísà ẹ̀bá ọ̀nà wa ti rí orúkọ tí ó ń jẹ́.

Ṣùgbọ́n apẹ̀rẹ̀ yìí ní ọ̀tá. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí símú ń wọ inú rọ́bà díẹ̀díẹ̀, ó ń já okùn kan, ó ń so òmíràn le jù, títí rọ́bà yóò fi gan. Oòrùn ń sun ún láti òde, ooru sì ń mú kí gbogbo rẹ̀ yára. Àwọn tí ń ṣe táyà mọ̀ bẹ́ẹ̀: wọ́n ń po lẹ́búlẹ́bú dúdú mọ́ ọn, irú èyí tí ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò orí iná, kí ó lè gba ìyà oòrùn jẹ fún un, wọ́n sì ń fi oògùn tí ń dènà afẹ́fẹ́ sí i. Àmọ́ oògùn náà ń tán bí ọdún ti ń gorí ọdún. Wáyà irin wà nínú táyà pẹ̀lú. Bí rọ́bà tí ó di irin mú bá ti gan, ní ọjọ́ tí ọ̀nà bá gbóná tí ẹrù sì wúwo, ojú táyà lè ṣí kúrò lórí irin lójijì. Sípíà tí kò tíì kan ilẹ̀ rí náà ń gbó bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 2012, bọ́ọ̀sì kan ń kó àwọn ọ̀dọ́ bọ̀ láti ibi àríyá orin ní erékùṣù Isle of Wight ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó dé Surrey, táyà iwájú rẹ̀ bẹ́, ọkọ̀ sì kọlu igi. Ènìyàn mẹ́ta kú, awakọ̀ wà nínú wọn. Táyà náà ti lé ní ọdún 19, kò sì sí òfin tí ó dè é. Ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà kò sinmi; ọdún púpọ̀ ni ó fi bá ìjọba fà á. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Èrèlé 2021, òfin Gẹ̀ẹ́sì kò gba táyà tí ó ju ọdún 10 lọ mọ́ níwájú bọ́ọ̀sì ńlá àti ọkọ̀ akẹ́rù.

Nílẹ̀ wa níhìn-ín, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ti ń kìlọ̀ pé kí a má ṣe lo táyà kọjá ọdún 4 láti ọjọ́ tí a ti ṣe é. Àlòkù táyà ọkọ̀ kéékèèké sì wà lára ọjà tí Kọ́sítọ́ọ̀mù kà léèwọ̀ láti kó wọlé. Síbẹ̀ ó kún ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n fi oògùn dúdú pa á lára, ó ń dán.

Nítorí náà, ẹ kọ́ bí a ti ń ka nọ́mbà náà. Ẹ wá lẹ́tà DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà; nọ́mbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn ni kí ẹ wò. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. 2319 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Bí ẹ kò bá rí i ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì, nítorí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí. Ẹ wo bóyá ara rẹ̀ ti sán. Ẹ má ra èyí tí ó ti ń sá sóòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ máa wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀ ní àárọ̀ kùtù, nítorí táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré a máa gbóná jù.

Awakọ̀ mi ìjọ́sí ní, “Bàbá, owó dà?” Òótọ́ ni ó sọ, táyà tuntun wọ́n. Ṣùgbọ́n a mọ ọjọ́ tí yóò kú láti ọjọ́ tí a ti rà á. Kí awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ àjọ táyà lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó máa dá a lójoojúmọ́ bí ó ti ń dá owó epo. Kí ọdún mẹ́rin tó pé, owó ti wà nílẹ̀.

Àwọn ìyá mẹ́ta náà gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wa. Ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun gbé ẹ̀gẹ́ òun sílẹ̀. Méjì yòókù tẹ̀lé e. Ìgbà náà ni awakọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí dúnàá-dúrà pẹ̀lú fọkanáísà lórí táyà mìíràn, èmi ni mo sì ka nọ́mbà rẹ̀ fún un.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.