Ìṣó Ló Ń Jò, Kì Í Ṣe Páànù



Ọ̀rọ̀ ilé tó ń jò ni mo gbé dé lọ́sẹ̀ yìí. Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó dìde lóru, tó ń gbé bàsíà síbí, tó ń fa ẹní sọ́hùn-ún, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìyá tó to gaàrí àpò mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí omi wọnú méjì, owó òwò ẹ̀ ló ń jò yẹn. Gaàrí tó bá ti mu omi, á dì, á hu, ta ni ó rà á? Télọ̀ tí omi kán sórí aṣọ oníbàárà ńkọ́? Aláṣọ ò ní bi òjò léèrè o, télọ̀ ni yóò mú.

Bí ilé bá ti jò báyìí, ariwo tá a máa ń pa ni pé páànù ti gbó. Ó lè má gbó rárá. Mo bá àwọn káfíńtà tó ń kan òrùlé sọ̀rọ̀ n'Íbàdàn, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: ìṣó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Oòrùn á mú páànù lọ́sàn-án, á fẹ̀. Tó bá dalẹ́, tàbí tí òjò bá dé lójijì, á tún kó ara jọ. Ojoojúmọ́ ni. Ọyẹ́ náà á dé, á gbẹ igi tí wọ́n kan ìṣó mọ́, ìṣó á dẹ̀ nínú ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ á máa yọrí, rọ́bà abẹ́ ẹ̀ á gbẹ, á sán. Ìjì tó máa ń ṣáájú òjò oṣù kẹta àti ìkẹrin á wá kọwọ́ bọ abẹ́ páànù, á gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Òjò tó bá tẹ̀lé e, ilé ti di ajere.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló yẹ kéèyàn tún òrùlé ṣe. Páànù ò yọ̀ nígbà yẹn, káfíńtà sì wà nílẹ̀. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo àdúgbò ló ń sáré lọ bá a, iye tó bá wù ú ni yóò pè. Ẹni tí òjò bá ká mọ́, kó má fi ìsinmi díẹ̀ tí òjò máa ń ṣe nínú oṣù kẹjọ ṣeré, torí ti oṣù kẹsàn-án ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀.

Ibi tí omi ń kán sí kọ́ ni ihò wà o! Omi á wọlé lókè, á rìn lórí igi, á já bọ́ níbi tó wù ú. Ọ̀sán gangan ni kí wọ́n gun inú àjà. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ bí ojú abẹ́rẹ́, ihò nìyẹn. Kí wọ́n ti wáyà tín-ín-rín gba ibẹ̀ jáde, kí ẹni tó wà lókè lè rí i.

Ìṣó tó ti yọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn án padà, ó tún máa yọ ni. Kí wọ́n fi èyí tó gùn tó sì nípọn jù ú lọ rọ́pò ẹ̀, pẹ̀lú rọ́bà tuntun lábẹ́. Ibi tí páànù ti ga sókè ni ìṣó ń gbà. Ìṣó tí wọ́n bá kàn sínú kòtò tí omi ń ṣàn gbà, omi ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún.

Òkúta àti táyà tá a ń kó sórí páànù ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó o kúrò. Abẹ́ òkúta kì í gbẹ bọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni páànù ti ń dógùn-ún. Inú táyà sì rèé, ẹ̀fọn ló ń bímọ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ ilé àtijọ́ tí wọ́n fi asbestos bò, ẹ má fín in, ẹ má ha á. Eruku ẹ̀ lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kẹ́ ẹ pè.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ lánlọ́ọ̀dù. Ayálégbé á ní òun ò lè tún ilé onílé ṣe, lánlọ́ọ̀dù á ní ṣebí ìwọ lò ń sùn ńbẹ̀. N'Ékòó, òfin ilé yíyá tí wọ́n ṣe lọ́dún 2011 fún ọ̀pọ̀ àdúgbò ibẹ̀ gbé àtúnṣe ara ilé níta lé onílé lọ́rùn, àyàfi tí ìwé àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Torí náà, ẹ ka ìwé yín. Ẹni tí ò bá lè kà á, kó fún ọmọ ẹ̀ tó ń lọ sílé ìwé. Mi ò ní kẹ́ ẹ bá onílé jà o. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ gba káfíńtà, ẹ jọ fẹnu kò ṣáájú pé wọ́n máa yọ ọ́ nínú owó ilé, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì ìṣó àti páànù.

Ẹ jẹ́ n fi èyí kún un: bí omi bá ń kán gba ojú gílóòbù, ẹ pa iná ilé láti ìdí mítà kẹ́ ẹ tó gbé bàsíà síbẹ̀. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.