Ìwé ẹ̀rí fún ọ̀gá iṣẹ́: Èwo ló yẹ kéèyàn náwó lé lórí?

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ó ṣòro kéèyàn ṣí fóònù rẹ̀ kó má rí ìpolówó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀gá iṣẹ́. Ẹnì kan ní òun máa sọ yín di adarí láàárín ọjọ́ méjì. Ẹlòmíì ní ìwé ẹ̀rí tòun, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Orí WhatsApp ni o, orí Facebook ni o, wọ́n ń pariwo ọjà. Àwọn tó ń tà pọ̀, àwọn tó ń rà náà ò kéré. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni pé, nígbà tí òṣìṣẹ́ bá sanwó tán, tó gba ìwé náà, kí ló máa yàtọ̀ níbi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè?

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wọ táì ní Victoria Island nìkan lèyí. Ó kan alábòójútó ilé búrẹ́dì tó ní òṣìṣẹ́ méjìlá lábẹ́ rẹ̀. Ó kan nọ́ọ̀sì àgbà tó ń pín iṣẹ́ alẹ́. Ó kan igbákejì ọ̀gá ilé ìwé aládàáni, ó sì kan ọmọ agùnbánirọ̀ tí wọ́n ń ta fọ́ọ̀mù fún nínú káńpù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló dáa tí wọ́n fi sọ wọ́n di ọ̀gá, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹni tó mọ búrẹ́dì í ṣe lè má mọ bí wọ́n ṣe ń bá òṣìṣẹ́ tó ń pẹ́ dé sọ̀rọ̀.

Kí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà gbóná báyìí?

Ohun méjì ni. Àkọ́kọ́ ni owó. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye tirẹ̀ lọ́jà. Kó tó dìgbà yẹn, nǹkan bíi 460 náírà ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan ní iye ìjọba. Nígbà tó fi máa di ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí ìdánwò ilẹ̀ òkèèrè kan bá jẹ́ 500 dọ́là, 230,000 náírà ló jẹ́ nígbà yẹn. Ní 1,500 náírà sí dọ́là kan, ó ti di 750,000. Owó oṣù tó kéré jù tí wọ́n fọwọ́ sí lóṣù keje ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ìyẹn ni pé owó ìdánwò ẹyọ kan ju owó oṣù mẹ́wàá lọ fún ẹni tó ń gba iye yẹn. A ò tíì ka owó ìwé, owó olùkọ́ àti dátà mọ́ ọn o.

Ìkejì ni ìgbẹ́kẹ̀lé. Ní ìparí ọdún 2023, ìwé ìròyìn Daily Nigerian gbé e jáde bí akọ̀ròyìn wọn ṣe gba oyè yunifásítì kan ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré. Kò pẹ́ rárá, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún 2024, tí ìjọba àpapọ̀ fi dá àyẹ̀wò àti ìfọwọ́sí ìwé ẹ̀rí yunifásítì láti Benin àti Togo dúró. Kì í ṣe gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ló ń ta ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n àwọn tó fi òótọ́ inú kàwé náà jẹ nínú ìyà yẹn. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìwé ẹ̀rí ò níyì ju ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti fura sí ibi tó ti wá, gbogbo ẹni tó mú un lọ́wọ́ ni wọ́n máa wò tìfuratìfura.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà

Oríṣiríṣi ni ìwé ẹ̀rí yìí, wọn kì í sì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ jẹ́ ká tò wọ́n.

Èkíní ni ti àwọn ẹgbẹ́ tí òfin Nàìjíríà dá mọ̀. Ọdún 1961 ni wọ́n dá Nigerian Institute of Management, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí NIM, sílẹ̀. Ọdún 2003 ni òfin tó fún un ní àṣẹ jáde. CIPM ni ti àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ìyẹn àwọn tá à ń pè ní HR. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1968, òfin ọdún 1992 ló sì fún wọn ní àṣẹ tiwọn. Bó bá jẹ́ ẹ̀ka HR lẹ ti ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ yìí, tẹ́ ẹ sì fẹ́ máa bá a lọ níbẹ̀, CIPM ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ ìṣàkóso lápapọ̀ ni, NIM ni.

Àwọn agùnbánirọ̀ sábà máa ń bi wá nípa fọ́ọ̀mù NIM tí wọ́n ń tà ní káńpù. Ìdáhùn wa ni pé kì í ṣe ọ̀ranyàn, kì í sì í ṣe jìbìtì. Ìpìlẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà jẹ́. Ó lè wúlò fún ẹni tí kò ka nǹkan tó jọ ìṣàkóso rí ní yunifásítì, bí ẹni tó ka kẹ́mísìrì tàbí èdè Faransé. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìwé yẹn nìkan ló máa sọ òun di máníjà. Ẹni tí kò bá sì ní owó rẹ̀ lọ́wọ́, kó má torí ẹ̀ jẹ gbèsè.

Èkejì ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bíi CMI àti ILM. Ọdún 1947 ni wọ́n dá CMI sílẹ̀ lórúkọ mìíràn, ọdún 2002 ló sì gba àṣẹ ọba. Ìpele-ìpele ni wọ́n pín ẹ̀kọ́ tiwọn sí. Ìpele 3 wà fún alábòójútó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ìpele 5 fún máníjà tó ní àwọn alábòójútó lábẹ́ rẹ̀, ìpele 7 sì wà fún àwọn ọ̀gá àgbà. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ni orúkọ Award, Certificate àti Diploma. Nọ́ńbà ìpele ló ń sọ bí ẹ̀kọ́ náà ṣe le tó. Orúkọ yẹn, bó ṣe gùn tó ló ń sọ. Award kì í ju wákàtí 120 lọ, Diploma sì máa ń tó wákàtí 370 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀, àròpọ̀ ìgbà tẹ́ ẹ fi jókòó sí kíláàsì àti ìgbà tẹ́ ẹ dá kàwé fúnra yín. Nítorí náà, Diploma ìpele 3 ò le tó Award ìpele 5. Ẹ tún kíyè sí i pé ìpele 7 bá másítà dọ́gba ní líle, ṣùgbọ́n kì í ṣe oyè másítà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọ̀kan náà ni wọ́n, owó yín ló ń wá.

Àwọn èèyàn wa tó wà ní UK tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà mọ ìpele yìí dáadáa. Ní England, ẹni tó bá fẹ́ di máníjà ilé ìtọ́jú, Diploma ìpele 5 nínú ìdarí àti ìṣàkóso iṣẹ́ ìtọ́jú ni wọ́n sábà máa ń ní kó lọ gbà. Ìpele 5 mìíràn tó wà fún ilé iṣẹ́ gbogbo ò ní rọ́pò rẹ̀ bọ̀rọ̀. Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹni tó ń ta ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yálà ẹ wà ní Peckham tàbí ní Oṣogbo, ẹ wá orúkọ ẹ̀kọ́ náà lórí àkọsílẹ̀ Ofqual lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹni tó ń tà á bá ní Ofqual fọwọ́ sí i, tí ẹ ò sì rí i níbẹ̀, ẹ béèrè ìdí.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn tó ń darí iṣẹ́ tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, bí ilé kíkọ́, ọ̀nà ṣíṣe tàbí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. PMP ti ẹgbẹ́ PMI ní Amẹ́ríkà ló lókìkí jù níbẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó bá ṣáà ti lówó ló lè jókòó fún un. Ẹni tó ní oyè yunifásítì gbọ́dọ̀ ti darí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, kó sì gba wákàtí 35 ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn tó bá yege, ó gbọ́dọ̀ kó àmì ẹ̀kọ́ 60 jọ láàárín ọdún mẹ́ta-mẹ́ta kí ìwé náà má bàa kú.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan tàbí méjì ló kẹ́yìn, èyí tí wọ́n ti máa ń fún gbogbo ẹni tó bá ti jẹ́ orúkọ ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ̀kọ́ gidi lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé pé ẹ wà níjòókòó nìyẹn. Kò sẹ́ni tó dán yín wò.

Ẹ wo àrùn kẹ́ ẹ tó ra oògùn

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ jẹ́ ká padà sí ilé búrẹ́dì yẹn. Ká ní ìyẹ̀fun ń sọnù, tí ìwé ọjà ò sì bá ohun tó wà nílẹ̀ mu, ẹ̀kọ́ ìdarí kọ́ ló máa wo ìyẹn. Ẹ̀kọ́ nípa àkọsílẹ̀ ọjà àti ìṣirò ni. Ká ní búrẹ́dì ń jáde dáadáa, àmọ́ tí òṣìṣẹ́ ń fiṣẹ́ sílẹ̀ lóṣooṣù torí pé alábòójútó ń bú wọn níwájú oníbàárà, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìdarí nìyẹn. Ìṣàkóso ni kéèyàn ṣètò owó, àkókò àti ohun èlò. Ìdarí ni kí àwọn èèyàn fẹ́ bá a ṣe é. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Bí ọ̀gá fúnra rẹ̀ bá ń dé ní aago mẹ́wàá, kò sí ìwé ẹ̀rí tó máa mú kí àwọn tó kù dé ní aago mẹ́jọ.

Tẹ́ ẹ bá ti mọ àrùn, ẹ wá béèrè nǹkan márùn-ún kẹ́ ẹ tó sanwó:

- Ta ló fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà, ṣé mo lè fi ojú ara mi rí i níbi tó ti fọwọ́ sí i?
- Báwo ni wọ́n ṣe ń dán akẹ́kọ̀ọ́ wò? Èyí tó bá ní kẹ́ ẹ yanjú ìṣòro kan ní ibi iṣẹ́ yín gan-an sàn ju èyí tó ní kẹ́ ẹ ka ìwé sórí lọ.
- Ṣé àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ń béèrè rẹ̀? Ẹ ka ìpolówó iṣẹ́ ogún nínú iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́, kẹ́ ẹ ka iye tó dárúkọ rẹ̀.
- Èló ni gbogbo owó rẹ̀ lápapọ̀? Owó fọ́ọ̀mù kì í ṣe òpin. Owó ìdánwò wà, owó ọmọ ẹgbẹ́ sì ń bọ̀ lọ́dọọdún.
- Ṣé mo ráyè? Ẹni tó ń ti Mọ́wé lọ Èkó lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ mọ wákàtí tó kù fún un láti kàwé.

Owó tí àwọn ilé iṣẹ́ ń fi sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ ni kì í ronú kan èyí. Láti ọdún 1971 ni ìjọba ti dá àjọ ITF sílẹ̀ nítorí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́. Gẹ́gẹ́ bí òfin tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2011, ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè, tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún tó mílíọ̀nù 50 náírà, gbọ́dọ̀ san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó ń san lọ́dún fún àjọ náà. Ilé iṣẹ́ tó bá san, tó dá òṣìṣẹ́ rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ bí àjọ náà ṣe fẹ́, tó sì kó ìwé rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa, lè gba owó padà, ó lè tó ìdajì ohun tó san.

Ẹ wo àpẹẹrẹ. Òṣìṣẹ́ ogún, 100,000 náírà lóṣù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, mílíọ̀nù 24 nìyẹn lọ́dún. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ 240,000. Ilé iṣẹ́ náà lè béèrè tó 120,000 padà. Kò pọ̀ títí, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ owó ẹ̀kọ́ alábòójútó kan. Ilé iṣẹ́ tó ń san owó yìí tí kì í béèrè nǹkan kan padà, tó tún ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé kò sówó ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kó tún ìwé rẹ̀ wò.

Bó bá kàwé tán tó wá lọ ńkọ́?

Ẹ̀rù yìí ló ń ba ọ̀pọ̀ ọ̀gá, àgàgà ní àsìkò jápa tá a wà yìí. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ó ń ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń ní kí òṣìṣẹ́ tọwọ́ bọ̀wé pé tóun bá lọ kí ọdún kan tàbí méjì tó pé, òun máa dá owó padà. Kò burú, bó bá ṣe kedere. Kí wọ́n kọ iye owó sínú ìwé, kí wọ́n kọ iye oṣù, kí owó tó máa dá padà sì máa dín kù bí oṣù ṣe ń lọ. Àmọ́ kí agbanisíṣẹ́ máa fi ìwé ẹ̀rí òṣìṣẹ́ há àpótí, ìyẹn ò dáa. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ náà, ẹ kà á kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Kẹ́ ẹ sì béèrè ohun tó máa yí padà tẹ́ ẹ bá yege: ṣé ipò ni, àbí owó, àbí ìkíni kú oríire nìkan?

Lójú tiwa, ohun tó ń mú òṣìṣẹ́ lọ kì í sábà jẹ́ ẹ̀kọ́ tó kọ́. Ohun tó ń mú un lọ ni pé ó padà dé láti kíláàsì, ó fẹ́ lo ohun tó kọ́, ọ̀gá rẹ̀ sì ní kó gbàgbé ìyẹn, kó ṣe bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, kó tó di pé ilé iṣẹ́ rán ẹnikẹ́ni lọ, kí ọ̀gá rẹ̀ jókòó tì í, kí wọ́n mú ìṣòro kan tó fẹ́ lọ yanjú. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí wọ́n tún jókòó, kí wọ́n wò ó bóyá ìṣòro náà ti ń dín kù.

Aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá. Ìwé tí wọ́n fi férémù gbé kọ́ ara ògiri ọ́fíìsì dùn ún wò, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má gbé e kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lábẹ́ yín ò ní ka ohun tó wà lára ògiri. Bẹ́ ẹ ṣe ń pín iṣẹ́ fún wọn, bẹ́ ẹ ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀ àti bóyá owó oṣù wọn ń wọlé lásìkò ni wọ́n máa fi mọ̀ bóyá owó tẹ́ ẹ san ṣiṣẹ́.